Àníkẹ́, Ìpàdé Wa Kò Tíì Gba Ohùn Obìnrin

Àníkẹ́, ọdún márùn-ún pé lónìí tí o ti kú fi mí sílẹ̀ nínú ilé wa ní Ogui New Layout, ní Enugu. Ó wù mí kí ìròyìn tí mo ní fún ọ dára. Kò dára.

Kẹ́mi ọmọ wa ti di agbẹjọ́rò. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Independence Layout, níwájú adájọ́ ló sì ń bá àwọn ọkùnrin fa ọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá, ẹ̀yìn ló ń jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù. Kò gbọdọ̀ dìbò. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ọdún márùn-ún!

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ-ọmọ wa tí kò mọ̀ ọ́. Tíṣà ìtàn ni ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. O máa ń sọ ìtàn àwọn òrìṣà obìnrin ilẹ̀ Gíríìsì ayé àtijọ́ fún wọn: Atẹ́nà tó ń dá ẹjọ́, tó sì mọ ogun jà, Dẹmítà tí wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ lọ fọ́kọ láìbi í, tó wá ní irúgbìn kankan kò ní hù láyé títí wọn yóò fi dá ọmọ òun padà. Pásítọ̀ wa pè ọ́, ó ní ṣé ìbọ̀rìṣà lo wá ń kọ́ àwọn ọmọ ni. O ní o ò bọ wọ́n; o kàn fẹ́ káwọn ọmọbìnrin mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí aráyé ti ń fojú inú rí obìnrin lórí àga adájọ́.

Lọ́dún 1983, Jacob tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà èédú kú. Ìyàwó rẹ̀, Ọlákẹ́mi, fẹ́ sin ín sí Enugu níbí, nítòsí òun àtàwọn ọmọ, torí bí Jacob fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ nìyẹn. Àwa ọkùnrin ṣèpàdé, a ní Ìjẹ̀bú, ìlú rẹ̀, la óò gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó bi Ọlákẹ́mi. Lo bá dìde láti ẹ̀yìn.

“Orúkọ òrìṣà obìnrin làwọn ará Átẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Gíríìsì fi sọ ìlú wọn,” o ní. “Wọ́n kọ́ ilé ńlá fún un lórí òkè, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí obìnrin kan sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ìlú. Ẹ̀yin náà ń pè wá ní ìyá ẹgbẹ́. Ọlákẹ́mi ló jókòó síbí yìí. Ẹ bi í.”

Alága wa, Ajíbóyè, kọjú sí èmi akọ̀wé, ó ní kí n sọ fún ìyàwó mi kó jókòó. Àníkẹ́, mo sọ fún ọ. Mo tún kọ ọ́ sínú ìwé pé obìnrin kan da ìpàdé rú. N ò kọ orúkọ rẹ.

Wọ́n gbé Jacob lọ. Títí dòní, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ọlákẹ́mi ti fojú kan sàréè ọkọ rẹ̀.

O ò bá mi jà. Ìwọ àtàwọn obìnrin yòókù kàn ti kíláàsì ọjọ́ Sátidé pa, níbi tí ẹ ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá. O ní bí Dẹmítà ṣe ṣe é nìyẹn. Láàárín oṣù méjì, Pidgin làwọn ọmọ fi ń dá àwọn àgbà lóhùn. Àwọn ọkùnrin wá bẹ̀ yín, wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò tún òfin ẹgbẹ́ ṣe kí obìnrin lè máa sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì máa dìbò, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀. O gbà wọ́n gbọ́, o ṣí kíláàsì. Ìgbìmọ̀ náà kò tíì jókòó lẹ́ẹ̀kan tí àìsàn fi mú ọ lọ.

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni mò ń gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, ọdọọdún ni wọ́n ń sún un síwájú. Lóṣù tó kọjá, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe sí ọ lójú gbogbo wọn. Ajíbóyè rẹ́rìn-ín, ó ní ikú ìyàwó ti sọ mí dobìnrin. A dìbò. Àwa mọ́kànlá fọwọ́ sí i, àwọn mẹ́rìndínlógún kọ̀ ọ́.

Inú bí mi. Mo gbé ìwé akọ̀wé síwájú wọn, mo ní mo ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, mo bá jáde. Kẹ́mi tẹ̀ lé mi. Mo rò pé yóò yìn mí ni.

“Dádì, ẹ pa dà wọlé,” ló wí. “Ẹ̀yin lẹ lè dìbò. Bí ẹ bá lọ, ó ku mẹ́wàá.”

Ojú tì mí. Mo sì pa dà wọlé, mo jókòó láàárín wọn.

Ó rẹ̀ mí, Àníkẹ́. Àárò rẹ ń sọ mí ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Mo fẹ́ràn rẹ nígbà tí mo ní kí o jókòó, n kò kàn mọ bí a ṣe ń fẹ́ràn ẹni tó dìde ni. Mò ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe é báyìí.

Ọkọ rẹ, Olúdáìsí.