"Dẹ́fínítìlì" àti Ilẹ̀kùn Yàrá Rẹ

Àbígbẹ̀yìn mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? O ò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Àwa náà ń bẹ, ẹ̀yìn ló ń dun ìyá rẹ díẹ̀, èmi ṣì ń bá pákó jà ní ṣọ́ọ̀bù bó o ṣe fi mí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù wa pé ò ń bọ̀ wálé, "dẹ́fínítìlì". N ò mọ̀ ọ́n, mo bá gbé fóònù lọ bá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tá à ń pè ní Gírámà. Ó wọ awò ojú, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí àní-àní níbẹ̀ rárá. Ó ní inú èdè Látìnì àtijọ́ ló ti ṣẹ̀ wá, pé ààlà ló wà nídìí rẹ̀, bí ìgbà téèyàn ri èèkàn mọ́lẹ̀ pé ibí ló parí sí. Mo ní háà, ọmọ mi ti ri èèkàn! Mo ní kí obìnrin tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì tẹ ọ̀rọ̀ rẹ sórí ìwé, kó lu òǹtẹ̀ sí i kí èèkàn náà má bàa yẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù ilẹ̀kùn yàrá rẹ.

O ṣáà mọ̀ mí, n kì í kan ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni àfi kí olóhun kọ́kọ́ dúró nínú férémù, kí n kan ìṣó síbi tí orí rẹ̀ dé, kí n tó gé pákó. Ìdí nìyẹn tí yàrá tuntun tá a kọ́ fún ọ ò fi ní ilẹ̀kùn látèṣí. Ìyá rẹ gbálẹ̀, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, o ò yọjú. Ó tún gbálẹ̀, o ò yọjú. Nígbà kẹta, ewúrẹ́ ló dé. Kò sọ dẹ́fínítìlì kankan o, ó kàn wọlé ni, ó sì bímọ méjì sórí bẹ́ẹ̀dì.

Mo padà lọ bá Gírámà, mo ní Látìnì yín ò ṣiṣẹ́. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀rọ̀, pé ẹni tí nǹkan ò bá dá lójú kì í lò ó, àmọ́ ẹ̀yin ará ìgboro ti sọ ọ́ di iyọ̀, ẹ̀ ń bù ú sí gbogbo ọbẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, ọmọ mi, àbí tìrẹ kì í fọ́ ni?

Wàyí o, iṣẹ́ mi ò mọ ojúsàájú. Ẹni tó bá dúró nínú férémù ni mò ń wọ̀n, ewúrẹ́ sì ń dúró níbẹ̀ láràárọ̀. Orí rẹ̀ ò ga ju ìbàdí mi lọ. Bó o ò bá dé kí oṣù yìí tó parí, ìwọ̀n yẹn ni n ó fi gé pákó, ìwọ lo máa máa bẹ̀rẹ̀ wọ yàrá ara rẹ. Dẹ́fínítìlì.

N ò béèrè owó o, ẹsẹ̀ rẹ ni kó o fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí owó bá yọ́ tẹ̀ lé e, n ò ní dá a padà, torí aṣọ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ọ̀fẹ́, ewúrẹ́ ò sì ní san án. Ká má purọ́, àárò rẹ ń sọ wá. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, pàápàá àbọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.

Mo gbàgbé: nígbà tí mo ka ìwé yìí sétí ìyá rẹ, ó ní kí n pa dẹ́fínítìlì tèmi rẹ́, mo kọ̀. Ló bá kó gbogbo ìṣó ṣọ́ọ̀bù mi sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó ní ọjọ́ tó o bá dúró nínú férémù lòun máa kó wọn fún mi. Àwọn oníbàárà ti ń bínú. Jọ̀ọ́, máa bọ̀.