Orúnkún Mi àti Kọ̀ǹpútà Tí O Sọ Di Tútù

Dàmọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Gbàgádà, ìwọ àti Adédiwúrà ìyàwó rẹ? Ọlọ́run tó jẹ́ kí n rí òní á máa ṣọ́ yín, ẹ ò ní ṣàìsàn, ẹ ò ní ṣòfò. Èmi náà wà ní Àgbóyì ńbí, mo ń jẹ, mo ń mu, kò sẹ́ni tó lè rí mi fín.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó o fún mi kí n máa fi wo fíìmù ìgbéyàwó yín ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Nígbà tó o wá lọ́jọ́sí, o pariwo pé ó ti ń gbóná jù. O ní ọ̀gá kan wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún tí a kì í rí, òun ló ń pàṣẹ, o wá kìlọ̀ fún un pé bí iṣẹ́ ò bá pọ̀, kó má sáré mọ́, kó sì dín iná tó ń mu kù, àfi tí iṣẹ́ bá dé. Mo ní o ṣeun torí ìyàwó rẹ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n o ò bi mí ohun tí mo ń fi ooru yẹn ṣe.

Orúnkún mi ni mo ń gbé e lé láràárọ̀! Àtìgbà tó o ti bá a wí ló ti tutù bí ẹja dídì, orúnkún mi sì le gbagidi. Bí àpò gàrí ni wọ́n ṣe gbé mi sínú ọkọ̀ ojú omi kí n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Kétu. Edith, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wa, rí i, ó ní kí n kúkú máa jókòó sílé, òun á máa lé orin fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá dípò mi. Edith tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo! Mo ní àfi tí mo bá kú kó tó lé e.

Mo délé, mo bẹ ọ̀gá inú ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà ṣì tutù bákan náà. Mo wá ronú pé tó bá jẹ́ iṣẹ́ ló fẹ́, èmi á wáṣẹ́ fún un. Mo fi fíìmù yín sí i, mo ṣí eré káàdì lé e, mo ṣí gbogbo ohun tí ọwọ́ mi tẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Kò pẹ́ tó fi ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀, ooru dé! Bí mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Sọ́ńdè tó kọjá, èmi fúnra mi ni mo gbẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀. Yàkúbù atukọ̀ nawọ́ sí mi, mo ní kó fi di àjẹ̀ rẹ̀ mú. Mo lé orin títí, Edith ń gbè é.

Nítorí náà, má fọwọ́ kan inú rẹ̀ mọ́. Àmọ́ ó ń jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ mi mu epo, fi owó epo ránṣẹ́, kó pọ̀ díẹ̀. Fíìmù ìgbéyàwó yín náà ti sú mi, mo ti mọ gbogbo ẹni tó gba oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀. Ẹ fi fíìmù ìsọmọlórúkọ ránṣẹ́ sí mi.

Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, á sì dáhùn ẹ̀bẹ̀ ìsọmọlórúkọ yẹn ṣáájú owó epo.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.