Nítorí Abẹ́rẹ́ Pupa Inú Aago Bàbá Rẹ

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì,
Ìkirè.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Kòfowórọlá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láàárọ̀, mo kí ọ lọ́sàn-án, mo sì kí ọ lálẹ́, nítorí n kò mọ èyí tí lẹ́tà yìí yóò bá ọ nínú rẹ̀. Ọlọ́run tí ojú rẹ̀ tó ìhà tiwa, tó sì tó ìhà tiyín, yóò máa bá wa ṣọ́ ọ. Òtútù ibẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́ légungun. Ara wa le, bàbá rẹ ń jẹun dáadáa, orúnkún mi tó máa ń ro mí nígbà òjò ti dákẹ́, àlàáfíà rẹ la sì fẹ́ gbọ́.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé èmi fúnra mi ni mo ń kọ̀wé. Mo ti di akẹ́kọ̀ọ́ o. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí kíláàsì àwọn àgbà sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, ọdún kìíní ni mo sì wà. Olùkọ́ wa, Mísì Fọláṣẹwà, kò dàgbà tó ọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọlé báyìí, àyà mi á máa já bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Wọ́n ní kí oníkálukú wa kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò sí nílé, kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn yóò kà á, àwọn yóò sì fún wa ní máàkì. Mo rò pé gbogbo àwọn tó kù ló mọ̀wé jù mí lọ. Bí o bá rí ibi tí kò dára, jọ̀ọ́, má sọ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ti aago bàbá rẹ. Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àyà mi lè balẹ̀: a kò tà á. Má tíì bínú. Mo mọ̀ pé ìwọ lo wá oníbàárà, ìwọ lo ní kí a fi owó rẹ̀ tún òrùlé ṣe, kí a yé gbé abọ́ ike sáàárín pálọ̀ bí òjò bá ti ṣú. Ka lẹ́tà yìí tán ná, kí o tó pinnu bóyá wàá bá wa jà.

Ìwọ náà mọ bí aago yẹn ṣe dé ọwọ́ wọn. Kúkù ni bàbá rẹ nígbà èwe wọn, ní ilé àlejò kan tí àwọn awakọ̀ bàálù máa ń sùn sí ní Ìkejà. Òyìnbó kan tó fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín wọn ló bọ́ aago náà fún wọn lọ́jọ́ tó ń padà sí ìlú rẹ̀ pátápátá. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti gbà pé nǹkan ń ṣe é, nítorí abẹ́rẹ́ mẹ́rin ló ní. Èyí tó ń ka wákàtí wà, èyí tó ń ka ìṣẹ́jú wà, èyí tó ń sáré wà, pupa kan tún wá wà tó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ́tọ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bá ti àwọn yòókù mu. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wọn, bí ènìyàn bá béèrè aago mélòó ló lù, wọ́n á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò bo pupa yẹn mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn, kí ó má baà dójú tì wọ́n.

Ìwọ lo wá yí òrùka tó wà létí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tí o ń lọ, tí o ní nọ́ńbà tí abẹ́rẹ́ pupa bá tọ́ka sí lára òrùka náà ni wákàtí tó wà lọ́dọ̀ rẹ ní Tòróńtò. O ní ìdajì òrùka tó pupa ni ọ̀sán, ìdajì tó jẹ́ búlúù ni òru. Láti ọjọ́ náà, a kò pe abẹ́rẹ́ yẹn ní abẹ́rẹ́ mọ́. Kòfó ni à ń pè é. Bàbá rẹ á wo ọwọ́ wọn, wọ́n á ní Kòfó ti ń jí o. Wọ́n á ní Kòfó ti wọ búlúù. Bí o bá sì ti wọ búlúù, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pariwo nínú ilé yìí, nítorí láti kékeré ni oorun rẹ ti fúyẹ́.

Àárọ̀ tiwa ló bọ́ sí òru tìrẹ. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ mọ́ kí n tó dín in ní dòdò Ìkirè, ọ̀sán ni mo ń gún un, àwọn tó ń bá mi tà á fún àwọn ọlọ́kọ̀ lójú títì Ifẹ̀ sì ń kùn. Bàbá rẹ tilẹ̀ lọ bá Hámzàt, wẹ́dà tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó má máa fi ẹ̀rọ rẹ̀ gé irin láàárọ̀. Hámzàt ní hàà, Bàbá, etí Kòfó ti wá gùn tó báyìí? Ó ní ṣé ìjọba Kánádà ló fi yín ṣe ọlọ́pàá àdúgbò ni? Bàbá rẹ ní kí ó ṣáà fi ṣe oore. Ó gbà, ó ń fi ayùn ọwọ́ gé e títí di ọ̀sán, ṣùgbọ́n ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń kọ ọ́ sọ́rùn rẹ, o ò gbọdọ̀ dé lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlámijù tí o rán sí wa dé láti Ìbàdàn. Ọmọlúàbí ni. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun kí ó tó gba aago náà, mo rò pé bàbá rẹ ló ń kó o nírìíra, àṣé aago ló ń bọ̀wọ̀ fún. Ó ní nígbà tí bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fò kọjá òkun, àwọn awakọ̀ rẹ̀ á jẹun àárọ̀ nílé, wọ́n á tún bá àárọ̀ mìíràn níbi tí wọ́n ń lọ, ara wọn á dàrú, wọn kò ní mọ ìgbà tó yẹ kí àwọn sùn. Ilé iṣẹ́ wọn wá bẹ àwọn tó ń ṣe aago pé kí wọ́n ṣe èyí tí yóò máa sọ wákàtí ilé àti wákàtí àjò pọ̀. Ó ní àwọn olówó tí kò wa bàálù rí ló ń wá a kiri báyìí, wọ́n á tìtorí ẹyọ kan kọjá ìlú mẹ́ta. Èyí tí oòrùn bá sì ti pa láwọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ jù. Tiwa yìí, pupa rẹ̀ ti dà bí osùn tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, búlúù rẹ̀ ti dà bí àdìrẹ tí a ti fọ̀ fọ̀ fọ̀, inú Ọlámijù sì ń dùn ṣìnkìn. Ó ní oòrùn àti ọjọ́ orí ló ṣe é, kò sí ọ̀dà tó lè ṣe irú rẹ̀. Ó wá béèrè páálí rẹ̀ àti ìwé rẹ̀, ó ní ìyẹn máa ń mú un gbówó lérí. Mo bi í bóyá ẹni tó ń ra ohun tó gbó tí oòrùn sì ti pa láwọ̀ kò ní fẹ́ ra èmi náà. Bàbá rẹ ní kò lè ṣeé ṣe, páálí tèmi ti sọnù.

Owó tí ó dá lé e, ńṣe ni bàbá rẹ wá ìjókòó. Ó ní Sátidé ni òun yóò kó o wá. Ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ wé aago náà, ó ní a kò gbọdọ̀ nù ún, a kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́, bàbá rẹ kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́, kí nǹkan má baà ha á. A tọ́jú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ ìwé orin.

Ibẹ̀ ni ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo ti bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kó fún mi láti Orílẹ̀-Òwu, mo fẹ́ gún un, mo ní kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá o ti jí. Búlúù lo wà. Mo dúró. Oòrùn yí, mo tún ṣí aṣọ wò, búlúù náà ni. Ó di ìrọ̀lẹ́, o ò kúrò lójú kan. Kòfó kò tíì jí! Bàbá rẹ kọ ọ̀rọ̀ sí ọ lórí wáàsáàpù, máàkì kan ṣoṣo ló yọ dípò méjì, wọ́n ní ojú kan lo là, o kò tíì la èkejì. Wọ́n pè ọ́ láìmọye ìgbà, kò wọlé. N kò lè jẹun. Hámzàt tí a ti ń bẹ̀ pé kí ó dákẹ́, òun ló wá bá wa pé ilé yìí mà dákẹ́ jù. Ó yọjú wò ó, ó ní Màmá, aago ló kú, kì í ṣe ọmọ yín. Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá abiyamọ sọ̀rọ̀ nìyẹn?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá rẹ gun ọ̀kadà lọ sí Apòmù láti wá alátùn-únṣe aago tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Èmi kò lè fi ọ́ sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbàgbé òfin Ọlámijù, mo wọ aago náà sọ́wọ́ ara mi, mo tì í sókè apá kí ó má baà bọ́. Nígbà tí oòrùn fi yí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti rọ̀ jù, yóò bàjẹ́ bí mo bá tún dúró. Mo dà á sínú odó, mo da ata àti iyọ̀ sí i, mo gbé ọmọ odó. Mo ní bí ariwo bá jí i, ó kúkú dára, kí ó jí. Kòfó, n kò gún nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Adìyẹ sá kúrò lágbàlá. Hámzàt tọwọ́ bọ etí, ó ní Màmá, ọmọ ti jí, ẹ rọra! Nígbà tí mo wo apá mi, abẹ́rẹ́ tó ń sáré ti ń sáré. Mi ò tíì nu ojú tán tí fóònù fi dún, ohùn rẹ ni, o ní Màámi, kí ló dé, fóònù mi ló wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe láti àná, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á ni, iṣẹ́ ni mo wà. Mo ní ṣé o ti jẹun. O rẹ́rìn-ín, o ní ṣé nítorí ìyẹn ni ìpè fi pọ̀ tó báyìí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá rẹ dé, wọ́n ní alátùn-únṣe aago ti di ẹni tó ń ta àpò fóònù. Bàbá rẹ fúnra wọn ló wá yí aago náà sí wákàtí tó yẹ. Ṣùgbọ́n ó yà wá lẹ́nu pé láti ìgbà náà, ọ̀sán wa ni o ń wọ búlúù. Mo rò pé wọ́n ti fún ọ ní iṣẹ́ alẹ́ ni. A ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ́sàn-án, mo sì ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Sátidé pé, Ọlámijù dé pẹ̀lú báàgì. Ó tú aago wò, ó figbe ta, ó ní ta ló wọ̀ ọ́, kí ló wà lára irin rẹ̀? Mo ní ata ni, epo náà sì wà níbẹ̀, kí ó má bínú. Mo rò ó fún un bí o kò ṣe jí àti bí mo ṣe jí ọ. Ó ní irú aago yìí, mímì apá ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń fún un lẹ́mìí, bí a bá tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ yóò dúró. Ó ní àwọn olówó máa ń ra ẹ̀rọ kan tí yóò máa mì í nínú ilé. Mo ní odó ni tèmi. Ó wá tún ojú aago náà wò, ó béèrè pé kí ló dé tí a fi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bàbá rẹ ní o ń sùn. Ó ní Bàbá, oòrùn ti là ní Tòróńtò báyìí! Ó ní aago òru ni bàbá rẹ yí i sí dípò ti ọ̀sán. Ó yí abẹ́rẹ́ wákàtí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ tún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, àyàfi pupa yẹn tó kúrò nínú búlúù. Àṣé inú oorun rẹ ni mo ti ń gún odó. Bí o bá gbọ́ nǹkan, forí jì mí.

Bàbá rẹ wo abẹ́rẹ́ náà títí. Wọ́n ní o ti jí nìyẹn. Wọ́n gba aago lọ́wọ́ Ọlámijù, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sì fa ọwọ́ ẹ̀wù bò ó. Wọ́n ní Ọ̀gbẹ́ni, ẹ má bínú, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò tíì délé. Ọlámijù rò pé owó ló kéré, ó fi kún un. Wọ́n ní kì í ṣe ti owó. Wọ́n ní ọjọ́ tí o bá padà wálé, tí wákàtí rẹ àti tiwa di ọ̀kan, pupa kò ní iṣẹ́ kankan mọ́, kí ó wá mú un lọ lọ́jọ́ náà. Ọlámijù bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó wá ní òun yóò dúró, kí oòrùn ṣáà máa bá òun pa á láwọ̀ lọ. Ó ra dòdò kún báàgì tó fi gbé owó wá. Ní báyìí ó máa ń pè wá láti béèrè ìgbà tí o ń bọ̀, àdúrà tí ó ń gbà fún ìpadàbọ̀ rẹ ju ti pásítọ̀ lọ.

Nítorí náà, ọmọ mi, òrùlé ṣì ń jò. Bá wa wá owó páànù díẹ̀díẹ̀ bí agbára rẹ bá ṣe mọ, àti owó awò ojú fún mi, nítorí n kì í rí pátákó láti ẹ̀yìn, ojú sì ń tì mí láti jókòó síwájú. Qaosarat, ìyàwó Hámzàt, ni yóò ya lẹ́tà yìí sínú fóònù. Mo ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kí ó má baà kákò níbẹ̀. Mo ní kí ó ya dòdò náà pẹ̀lú, kí ó tètè rán an kí ó tó tutù.

Ibi tí o bá dé, wọn yóò máa gbà ọ́ tọwọ́ tẹsẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di asán. Oúnjẹ kò ní kórò lẹ́nu rẹ, oorun kò ní jìnnà sí ojú rẹ, o kò sì ní fi ẹkún dé ẹnu ọ̀nà ilé yìí. Àmín.

Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wúkọ́ kíkankíkan nínú pálọ̀, Hámzàt náà ti tan ẹ̀rọ. O ti bọ́ sínú pupa nìyẹn. Mo mọ̀ pé Mísì Fọláṣẹwà yóò fa igi sí ìlà tó kẹ́yìn yìí, nítorí mo ti kọ ọ̀sán sókè lẹ́tà, ṣùgbọ́n kí wọ́n fà á.

Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?

Èmi ni ìyá rẹ,
Salome.