Bàálù Kékeré Kan Kò Ríbi Bà Sí ní Àbújá

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ, ẹ kú ooru, ẹ sì kú àdúrà tí ẹ ń gbà lórí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bùrọ̀dá Láṣísì tó ń mójú tó yín. Mo kí Rúkáyà àbúrò mi, ẹni tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó rọra kà á, kó má sì fo ibi tó bá le.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé sínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin lẹ fà á, ẹ má bínú. Ẹ ti sọ fún gbogbo Ìwó pé ọmọ yín ló ni bàálù ní Àbújá. Lóṣù tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta pè mí pé kí n bá ọmọ àwọn wáṣẹ́ sí pápá bàálù. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí n wá fi bàálù gbé òun lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Kánò. N kò lè máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti ṣàlàyé, nítorí náà kí gbogbo wọn kà á níbí.

Bàálù kan ṣoṣo ni mò ń tọ́jú, ti ọ̀gá mi ni. Lọ́yà ni ọ̀gá mi, ó ti fẹ̀yìn tì, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń wa bàálù náà. Èèyàn mẹ́rin péré ló ń gbà. Mẹkáníìkì rẹ̀ ni mí. Mò ń pààrọ̀ epo rẹ̀, mò ń wo taya, mò ń tú u, mò ń dè é, ẹnjiníà àgbà kan a sì máa yẹ iṣẹ́ mi wò, a buwọ́ lù ú sínú ìwé. Nígbà tí ìbuwọ́lù yẹn bá pé, ìjọba yóò fún mi ní ìwé àṣẹ tèmi, n ó sì lè ṣiṣẹ́ níbikíbi tí bàálù bá ti ń fò. Ọdún kẹfà rèé, oṣù mẹ́rin péré ló kù. Bí bàálù yìí bá lọ, kò sí ẹlòmíràn tó máa gbà mí kí n parí oṣù mẹ́rin náà. Mo ti bẹ̀ wọ́n káàkiri.

Ó sì ń lọ, Ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bàálù dà bí ẹran ọ̀sìn, ó gbọ́dọ̀ níbi tó ń sùn. Ibi tí à ń gbé e sí níbí ti wọ́n ju agbára ọ̀gá mi lọ, wọ́n sì ní kó gbà láti san iye tuntun tàbí kó gbé e kúrò kí oṣù yìí tó parí. Ọ̀gá mi ní owó ìfẹ̀yìntì òun kò lè gbé e. Ó ní bí mo bá lè rí ibi tí kò wọ́n, tí kò sì jìnnà sí Àbújá, òun kò ní tà á. Bí n kò bá rí i, ọkùnrin kan ní Ghana ti fẹ́ rà á. Bí iṣẹ́ mi ṣe di ìrìn nìyẹn.

Wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo rìn jìnnà, n kò rí nǹkan kan. Mo dé Minna, wọ́n gbà mí dáadáa, owó wọn sì mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní kí òun tó wakọ̀ débẹ̀ kí òun tó fò, ọjọ́ ti lọ. Ní ti Kàdúná, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ojú ọ̀nà yẹn, ọ̀gá mi kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí gbólóhùn. Pápá bàálù kan tún wà tí olówó kan ṣe fún ara rẹ̀. Mẹ́gáàdì ẹnu géètì béèrè pé bàálù mélòó la ní. Mo ní ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, kò ṣí géètì.

Yàrá mi ní Kubwa gbóná bí ààrò lásìkò yìí. Bí mo bá dé, mo kàn máa ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láì bọ́ bàtà. Àwọn ará ilé wa tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí á bi mí pé bàálù ńkọ́, n ó ní a dúpẹ́. Kò sí ẹni tí mo lè sọ òótọ́ fún. Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá mi. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ohun tó wà lọ́wọ́ mi kò ju ìwé tí kò tíì pé lọ.

Níkẹyìn ni mo rí pápá kan lẹ́yìn Orozo, létí Àbújá níbí. Ó tẹ́jú, ó gùn gbọọrọ, kò sí òpó iná nítòsí, koríko nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi wá fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó ní kí n lọ bá àwọn onílẹ̀, bí wọ́n bá ti gbà, òun á lọ wá àṣẹ ìjọba. Àwọn Gbágyí, ọmọ onílẹ̀ Àbújá, ló ni abúlé náà. Mo ra obì, mo lọ bá baálẹ̀ wọn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yẹ̀pẹ̀, mo sì fi ìwọ̀nba èdè Hausa tí mo gbọ́ sọ ohun tí a fẹ́. Bàbá náà gba obì, ó pa á, ó fún mi jẹ, ó wá gbàdúrà gígùn pé kí Ọlọ́run ṣe é ní rere. Mo ń ṣe àmín. Ní Ìwó, kí àgbàlagbà gba obì lọ́wọ́ ẹni, kó pa á, kó ṣàdúrà lé ọ̀rọ̀ ẹni lórí, kí ló tún kù? Mo pe ọ̀gá mi pé wọ́n ti gbà. Yorùbá ni òun náà, ọmọ Ìjẹ̀bú, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí, pé ṣé wọ́n pa obì náà. Mo ní wọ́n pa á. Ó ní ó ti bọ́ sí i nìyẹn, ó sì kọ̀wé sí ará Ghana pé òun kò tà mọ́.

Òjò méjì rọ̀. Nígbà tí mo kó àwọn tó máa gé koríko lọ síbẹ̀, ebè iṣu ló kún pápá náà láti orí dé ìdí. Mo sáré tọ baálẹ̀ lọ. Kò bínú rárá. Ó ní àlejò ló mú obì wá, òun sì gba àlejò. Àdúrà ni òun ṣe, òun kò fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ náà kì í ṣe tòun. Ó ní òun rò pé n ó padà wá béèrè ẹni tó ni ín. Opó kan tí wọ́n ń pè ní Ladi ló ni ín. Mo lọ bẹ Ladi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní sànnu, ìyẹn ni pé ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó ní kí n padà wá nígbà tí òun bá ti wa iṣu tán.

Mo sọ fún ọ̀gá mi lórí fóònù. Ó ní kí n lọ wó àwọn ebè tó wà ní àárín, ibi tí taya máa gbà, kí obìnrin náà tó jáde, òun á sanwó iṣu fún un tó bá yá. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun náà kò fẹ́ kí bàálù rẹ̀ lọ.

Mo lọ. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé ọkọ́ síbẹ̀, mo wó ebè mẹ́ta. Nínú ìkẹta ni ọkọ́ mi ti gé èéhù iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo rántí pé lẹ́yìn tí Bàbá kú, ẹ̀yin lẹ ń kọ ebè kí n lè parí ilé-ìwé, tí àtẹ́lẹwọ́ yín ń bó. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ tún àwọn ebè náà kọ. Ibẹ̀ ni Ladi bá mi. Kò pariwo. Ó wò ó, ó ní mo kọ ọ́ kéré jù, ó mú ọkọ́ mi nílẹ̀, ó sì tún un kọ. Ì bá gbá mi létí, ojú kì bá tì mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo pe ọ̀gá mi pé n kò lè ṣe é. Kò bá mi jà. Ó ní ó dáa, ó sì pe ará Ghana.

Sátidé yìí ni bàálù náà ń lọ. Ẹni tó máa wà á sọ pé Ìbàdàn ni òun á ti kọ́kọ́ balẹ̀, mo sì bi í bóyá ó máa gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ó ní Ìwó kò jìnnà sí ọ̀nà òun. Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síta lọ́jọ́ náà láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Funfun ni, ó ní ìlà búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ ìró rẹ̀, ẹ gbójú sókè, ẹ sì pe gbogbo àwọn tí ẹ ti ń sọ fún. Kò sí nọ́ọ̀tì kan lára rẹ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ mi ló dè é. Nígbà tó bá kọjá tán, ẹ wá sọ fún wọn pé ọmọ yín ń wáṣẹ́.

Kí Ọlọ́run Ọba dá ẹ̀mí yín sí, kó jẹ́ kí n fi ojú rere rí yín, kó má sì jẹ́ kí Ladi pàdánù iṣu rẹ̀. Mo kí Bùrọ̀dá Láṣísì àti ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ, mo kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, àti ẹni tí kò béèrè.

Èmi ni, ọmọ yín,
Mùfútàù, ní Kubwa.