Yàrá Àádọ́ta Yuan Létí Òkun

                                        Ilé Keje, Yàrá Kẹrin,
                                        Ọgbà Àwọn Òṣìṣẹ́ Ilé Ìhunṣọ,
                                        Taiyuan, Shanxi.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi Suwen, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ sì kú òjò, torí mo gbọ́ pé ti Kunming kò tíì fẹ́ dá. Ṣé ara yín le? Ṣé èjìká tó ń dun ọkọ yín ti fi wọ́n sílẹ̀? Ọmọ wa tó wọ yunifásítì ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun gidi, àbí núdù inú ọ̀rá ló ṣì ń da omi gbígbóná sí láàárọ̀ lálẹ́? Àlàáfíà ni àwa wà níbí. Ọkọ mi ní kí n kí yín, Wenjie àbúrò mi náà kí yín. Ìyá mi kí yín jù wọ́n lọ. Wọ́n ní kí n ro ọ̀rọ̀ Qingdao fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé fóònù kò lè gbà á tán.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ òkun ti rí nílé wa. Láti ìgbà tí ìyá mi ti ń dúró nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ ni wọ́n ti ń sọ pé ó wu àwọn láti fi ẹsẹ̀ tẹ omi òkun lẹ́ẹ̀kan kí ọjọ́ tó lọ. Èsì bàbá mi kò yí padà rí: omi ni omi, odò Fen ń ṣàn níwájú ilé, ẹni tó bá fẹ́ kó níyọ̀, kó bu iyọ̀ sí i. Lọ́dún yìí, dókítà ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ sí orúnkún òsì ìyá mi kí òtútù tó dé. Lẹ́yìn rẹ̀, yóò pẹ́ kí wọ́n tó lè rin ìrìn tó jìnnà. Ó sì lè jẹ́ pé wọn kò ní rìn ín mọ́. Ìyá mi kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n kàn sọ ni pé, “Bí ẹ bá máa mú mi lọ, ẹ tètè mú mi lọ.” Mo mọ̀ pé bí oṣù yìí bá kọjá, ó kọjá nìyẹn.

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe ń jókòó ti iṣẹ́ mi. Ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ń kọ ìtàn ìlú ni mo wà. A kì í fi ojú dá nǹkan níbẹ̀. Mo yan Qingdao, ìlú etí òkun, torí pé ọkọ̀ ojú irin kan ń lọ tààrà láti ọ̀dọ̀ wa. Mo yan oṣù kẹsàn-án torí pé àwọn ọmọ ilé ìwé ti wọlé, ìsinmi orílẹ̀-èdè kò tíì dé, omi òkun kò sì tíì tutù. Mo yan ọkọ̀ tó ń rọra rìn, tí èèyàn á sùn nínú rẹ̀, kí a lè jèrè owó ilé àlejò ọjọ́ kan. Ti oúnjẹ kò le: ní Qingdao, ẹni tó bá ra ìṣáwùrù fúnra rẹ̀ lọ́jà, ilé oúnjẹ kékeré á bá a sè é fún owó díẹ̀. Òkun fúnra rẹ̀ kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé àlejò ló kù. Àwọn tó kọjú sí òkun ga ju apá wa lọ, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀kan ní òpópónà ẹ̀yìn, lórí òkè, tí obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Xu ń bójú tó. Igba yuan àti ogún ni yàrá kan fún ọjọ́ kan. Mo ná an títí, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Wenjie ló ní, “Bí o bá pe igba àti ogún sí Bàbá létí, ilé la máa sùn. Sọ pé àádọ́ta.”

Mo sì sọ pé àádọ́ta. Èyí kò lè yà yín lẹ́nu. Ní gbogbo ilẹ̀ wa yìí, ta ló ti sọ iye tó fi ra bàtà fún òbí rẹ̀ bó ṣe wà rí? Ẹ̀wù òtútù tí ẹ̀yin fúnra yín fi ránṣẹ́ sí ìyá mi lésìí, “ọlọ́gọ́rin yuan” là ń pè é nílé títí dòní.

Oúnjẹ la ń jẹ lọ́wọ́; bàbá mi gbé igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun kalẹ̀.

“Àádọ́ta? Létí òkun?”

“Ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, Bàbá. Lórí òkè.”

“Ṣé òrùlé wà lórí rẹ̀?”

“Ó wà. Omi gbígbóná náà wà.”

“Ìyá Wenxiu, ṣé o gbọ́? Àádọ́ta! Ẹni tó bá jókòó sílé gan-an ló ń pàdánù.”

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, lẹ́tà yìí ì bá kúrú. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi lọ síbi tí àwọn àgbà ọgbà wa ti ń ta ayò lábẹ́ igi, wọ́n sì fi yàrá àádọ́ta yuan yangàn. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, Bàbá Qiao tó jẹ́ jórinjórin nígbà kan àti Bàbá Niu tó fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ wíwà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, àwọn ìyàwó wọn lẹ́yìn wọn, owó lọ́wọ́.

“Wenxiu, ọmọ dáadáa,” Màmá Niu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, “bá wa gba tiwa náà. Yàrá kan fún wa, ọ̀kan fún àwọn Qiao.”

“Kí tiwa má jìnnà sí ti Hao bàbá rẹ o,” Bàbá Qiao ní, “torí mo fẹ́ na án láyò létí òkun.”

“Ìwọ wo?” ni bàbá mi dáhùn. “Ìwọ tí ìyàwó rẹ ń nà láyò?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ní kí wọ́n mú owó wọn dání ná. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sọ fún bàbá mi pé mo gbọ́ pé ilé àlejò náà ti kún. Wọ́n wò mí.

“Mo ti fún Qiao àti Niu ní ọ̀rọ̀ mi. Bí yàrá kò bá sí fún wọn, kò sí fún àwa náà nìyẹn. Fi í sílẹ̀. Ká jókòó sílé wa.”

Ìyá mi wà ní ilé ìdáná. Mo gbọ́ tí ọ̀bẹ dúró lórí pátákó. Lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé ewébẹ̀ lọ.

Bí mo bá sọ òótọ́, bàbá mi á di opurọ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, ìtìjú kò sì ní jẹ́ kí wọ́n kúrò ní Taiyuan mọ́. Bí mo bá dákẹ́, èmi àti Wenjie la máa san àfikún fún yàrá mẹ́ta, apá wa kò sì ká a. Wenjie ní kí a lọ yáwó. Mo ní kó lọ jókòó. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tiwa kò tilẹ̀ lo ọjọ́ méjì kí òtítọ́ tó lé e bá.

Ìgbà náà ni mo pe Lifang, ọmọ Bàbá Qiao tó wà ní Beijing. Mo rò pé yóò bínú, nítorí náà mo rọra ṣàlàyé. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n Wenxiu, ṣé lóòótọ́ ni Bàbá mi fẹ́ jáde nílé? Bàbá tèmi?”

“Owó wà lọ́wọ́ wọn báyìí. Wọ́n fẹ́ san án.”

“Láti ọdún wo ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n! Ẹ má sọ òótọ́ fún wọn o. Mo bẹ̀ yín. Èmi ni màá san èyí tó kù. Àga oníná tí wọ́n ń jókòó lé, tó ń tẹ̀ wọ́n lẹ́yìn yẹn, ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ fún wọn? Mo ní ọ̀gá wa fẹ́ sọ ọ́ nù ni.”

Mo pe ọmọ Bàbá Niu, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ariwo ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

“Ẹ sọ iye rẹ̀ fún mi,” ó ń pariwo, “ẹ má ṣáà sọ ọ́ fún ìyá mi! Bí wọ́n bá gbọ́ igba yuan, àyà wọn á já, owó dókítà á wá ju ti òkun lọ!”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti kó ara wa jọ sí ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, Lifang sì pe orúkọ rẹ̀ ní “Àádọ́ta.” Kálukú gbọ́ ti òbí tirẹ̀, mo sì sọ fún bàbá mi pé yàrá méjì ti ṣófo fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ó ku Ìyá Xu. Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ pátákó iye owó kúrò lára ògiri kí a tó dé, bí wọ́n bá sì bi í, kó ní àádọ́ta. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.

“Ó ti yé mi,” ó ní. “Ẹran tí mò ń rà fún ìyá tèmi, wọ́n rò pé alápatà ló ń ta á fún mi bí ìgbà tó ń dà á nù.”

A wọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé, èmi ni aṣáájú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyin sísè tí wọ́n gbé wá tó bọ́ ọmọ ogun. Bàbá Niu gbé ìgò ọtí kíkan láti ilé, torí wọn kò gbà pé ará etí òkun mọ ọtí kíkan tó ṣeé fi jẹun. Wọ́n ta ayò, wọ́n jà sí ayò, wọ́n sùn, wọ́n jí, a dé Qingdao. Ìyá Xu dúró lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Àwòrán òdòdó ńlá kan ló gbé kọ́ síbi tí pátákó yẹn wà.

“Àádọ́ta,” ó wí, ó ń wo àjà.

Màmá Niu lọ wo yàrá. Wọ́n fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n padà wá.

“Àádọ́ta, fún fèrèsé tó kọjú sí ògiri?”

Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká...”

“Dákẹ́, ìwọ ò mọ ọjà á ná. Ìyá Xu, ogójì.”

“Ogójì kẹ̀? Màmá, kí lèmi fẹ́ jẹ níbẹ̀?”

“Yàrá mẹ́ta la gbà lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan náà! Ogójì, kí o fi oúnjẹ àárọ̀ sí i.”

“Oúnjẹ àárọ̀ náà?”

“Kí lo ń pariwo sí? Ẹyin wà lọ́wọ́ wa. Omi ẹ̀wà sóyà rẹ nìkan la fẹ́.”

Bàbá mi gbé àpò wọn lé èjìká, wọ́n ní ó dà bíi pé àwọn rí ilé àlejò mìíràn nísàlẹ̀ òkè. Ogójì ni wọ́n fi ìdí rẹ̀ tì sí, omi ẹ̀wà sóyà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo bá Ìyá Xu ní kọ̀rọ̀ láti tọrọ àforíjì, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Ẹ̀yin ará Shanxi! Mo ti gbàgbé pé kì í ṣe iye tí mò ń tà á nìyẹn. Inú bí mi dénú!”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà la sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òkun. Ìyá mi ká ṣòkòtò wọn dé orúnkún, wọ́n gbé bàtà fún mi, wọ́n sì wọlé láìwẹ̀yìn. Ìgbì àkọ́kọ́ dé kókósẹ̀ wọn. Èkejì lù wọ́n dé itan, wọ́n sì pariwo bí ọmọdébìnrin tí ẹgbẹ́ rẹ̀ da omi sí lára. Bàbá mi, tí wọ́n ti ń ráhùn pé iyanrìn á ba bàtà àwọn jẹ́, wọ inú omi tòun ti bàtà, wọ́n di ìgbọ̀nwọ́ ìyá mi mú nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí Bàbá Qiao fi pariwo láti orí iyanrìn pé, “Hao, ṣé o ń fẹ́ ìyàwó tuntun ni?”

Ní ọjọ́ tó yẹ ká padà, a jẹ ìṣáwùrù níbi tí wọ́n ti ń rọ bíà sínú ọ̀rá fún èèyàn gbé lọ. Bàbá mi mu tiwọn dé ìdajì ọ̀rá, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀.

“Ní ogójì yuan, ta ló ń lọ sílé? Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ méjì kún un.”

Bàbá Qiao gbá tábìlì. Màmá Niu ní ó dára bẹ́ẹ̀, àwọn kò tíì ná ọjà ẹja. Èmi ń ṣírò lọ́kàn. Ìyá mi wá ní kí n sin àwọn lọ fọ iyanrìn lẹ́sẹ̀. Nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n jókòó lórí òkúta, wọn kò wò mí.

“Wenxiu, èló ni yàrá yẹn gan-an?”

Mo sọ ọ́ fún wọn. “Igba àti ogún, Màmá.”

Wọ́n fọ àtẹ́lẹsẹ̀ kan tán, wọ́n mú èkejì.

“Ó wọ́n o. Ṣé apá yín ká a?”

“Ó ká a. Gbogbo àwọn ọmọ la jọ dá a.”

Wọ́n na ọwọ́ sí mi kí n fà wọ́n dìde.

“Lọ sọ fún bàbá rẹ pé Ìyá Xu ti sọ ọ́ di ọgbọ̀n,” ni wọ́n wí, “kó má baà yí ọkàn padà.”

Mo fi wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Xu, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Àárọ̀ òní ni gbogbo wọn wọlé, wọ́n dúdú, ara wọn sì yá. Ìyá mi ní kí dókítà máa mú ọ̀bẹ rẹ̀ bọ̀.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti ọmọ wa, ẹ sì kí ìyá yín tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ ṣáà má ka lẹ́tà yìí sókè níbẹ̀, torí wọ́n máa ń pe bàbá mi lórí fóònù. Bàbá mi ní kí n bi yín bóyá kí àwọn bá yín gba yàrá ọlọ́gbọ̀n yuan lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dá wọn lóhùn, ẹ kọ́kọ́ pè mí.

                                        Èmi ni tiyín, àbúrò tó ń sọ iye owó fún yín bó ṣe rí,
                                        Hao Wenxiu.