Ìyá Ọkọ Mi Ń Rìn, Màámi

Màámi àtàtà,

Ẹ rántí Màmá Iléṣà, ìyá ọkọ mi, tó ní ọbẹ̀ mi kì í dùn? Ó ti ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Woji níbí láti ìgbà tí orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti ń rìn dáadáa báyìí, ó sì ń ta mí lára. Mo mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún bí kò ṣe ẹ̀yin?

Àwọn dókítà kan ní ọsibítù ńlá ló ń ṣe ìwádìí lórí ohun tí àgbàlagbà lè ṣe tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi ní dákẹ́ iṣẹ́. Wọ́n fi ìbò pín àwọn àgbà tó wá síbẹ̀ sí méjì: apá kan á máa ṣe eré ìdárayá, apá kejì á kàn máa gba ìmọ̀ràn lórí ìlera. Eré ìdárayá ni ìbò mú fún Màmá Iléṣà. Ìbò pàápàá ń ṣègbè.

Ọmọbìnrin Ìkwẹ́rẹ́ kan ló ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa dìde lórí àga. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fa Màmá dìde, ó gbá mi lọ́wọ́: "Madam, no help am. Make Mama carry herself." Ó ní nílé náà, kí n jẹ́ kó máa bu omi rẹ̀, kó máa sá aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo fẹ̀yìn ti àga, mò ń wo ẹni tó ń bú ọbẹ̀ mi bó ṣe ń rọra lọ sí kíṣínì. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa bá wa bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n ń wojú ara wọn. Ìyàwó wo ló ń jókòó kí ìyá ọkọ rẹ̀ máa bumi? Mo jẹ́ kí wọ́n wò ó tẹ́rùn. Àṣé ìkà tí mo rò pé mò ń ṣe ló ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ mi, ṣé mo jẹ́ kí ẹ gbé ife? Èmi ni mò ń wọ bàtà fún yín, oúnjẹ ń bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ máa ń yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé lọ já ewúro, màá sì sáré dá yín padà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń yìn mí pé mo mọ ìyá tọ́jú. Ẹni tí mo kẹ́ kò lè dìde mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé, ẹni tí mo wò níran ló ń rìn kiri ilé mi. Kí ló dé tí wọn ò ṣe ìwádìí yìí nígbà tiyín?

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ìdánwò ìkẹyìn. Àwọn àgbà dúró sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ẹbí wọn dúró sí ìpẹ̀kun kejì. Ọkọ mi wà lórí omi níbi iṣẹ́ epo, nítorí náà èmi ni mo dúró. Màmá Iléṣà fi ọ̀pá sílẹ̀, ó ká ìró sókè díẹ̀, ó ń bọ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi. Nígbà tó dé, ó dì mọ́ mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ: "Ọmọ mi, ìwọ lo ṣe é."

Mo sunkún. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ayọ̀ ni. Màámi, gbogbo ìgbà tó fi ń bọ̀ yẹn, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó jẹ́.

Èmi ni,
àbíkẹ́yìn yín tó ṣì ń jowú nítorí yín.