Ìlà Pupa Inú Kọ̀ǹpútà Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Ilé ni mo wà, ní Ṣábẹ̀ẹ́, lórí àga yín gan-an, níwájú kọ̀ǹpútà yín tó ń kùn yìí. Ó ti fẹ́ dákẹ́ pátápátá. Mo ra tuntun bọ̀ láti Kútọnu kí n lè kó gbogbo òjò àti ooru tí ẹ̀rọ ìwọ̀n ojú ọjọ́ yín ti wọ̀n láti ọjọ́ yìí wá sínú rẹ̀, nítorí àwọn àgbẹ̀ Kaboua ò yéé pè mí. Wọ́n ṣì fẹ́ mọ ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ léṣìí, àfi bí ẹni pé èmi ni ẹ̀yin.

Mo rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Tuntun yìí ò gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ni mo bá ń kó o lóṣooṣù, tí mo ń wo oṣù kọ̀ọ̀kan kó tó wọlé. Ẹ rántí pé ìlà ooru méjì ló máa ń wà níbẹ̀. Aláwọ̀ búlúù jẹ́ ti ìta, láti orí òpó tó wà lágbàlá. Pupa jẹ́ ti yàrá yín, láti inú ẹ̀rọ kékeré tí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ìlà pupa yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́.

Bàbá, ṣé wọ́n lo ẹ̀rọ amúlétutù tí mo rà fún yín nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀? Nínú oṣù Kẹta, nígbà tí ooru àpáta ìlú wa ń bó ni lára, yàrá yín gbóná ju ìta lọ. Méjìdínlógójì, mọ́kàndínlógójì, ní ọ̀sán ojoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi Rẹ̀mí ló ń tọ́jú yín. Ìgbàkígbà tí mo bá béèrè, á ní ara yín ń tù yín, yàrá tutù, kò sí wàhálà.

Láti ọjọ́ ìsìnkú yín ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ó pẹ́ kó tó yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá yín fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà yìí dà nù. Láàárọ̀ òní tí mo jókòó tì í, ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá bí ìgbà mẹ́rin, ó ń wá nǹkan tí kò sọnù. Ẹ mọ̀ mí. Tí mo bá ti fura, mi ò ní sinmi títí màá fi rí ìdí rẹ̀.

Ni mo bá rí nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ Ìsinmi nìkan, ní aago mẹ́rin ku díẹ̀, ìlà pupa á já wálẹ̀ sí mẹ́rìnlélógún. Ní aago márùn-ún á tún gòkè. Aago mẹ́rin ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pè yín, tí a máa ń rí ojú ara wa lórí fóònù. Ẹ máa ń fa aṣọ bora dé àyà, màá rí ẹ̀rọ náà lára ògiri lẹ́yìn yín, inú mi á dùn. Àṣé wọ́n ń tàn mí ni. Inú bí mi débi pé mo pe àbúrò yín ní Adido, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta wá gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe.

Mo tún kó oṣù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ lọ sìnkú àna ní Parakou wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé, aládùúgbò ló ń gbé oúnjẹ wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn náà, ní aago mẹ́rin ku díẹ̀, yàrá tutù.

Ta ló tan ẹ̀rọ amúlétutù náà, Bàbá? Ṣé ẹ̀yin ni, pẹ̀lú rìmóòtù lórí ibùsùn? Ṣé orúnkún yín ni kò fẹ́ òtútù, tí ẹ sì ń fara dà á fún wákàtí kan nítorí tèmi? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, tó sì fi pa mọ́ kó má bàa dùn mí? Mi ò tètè gbà. Mo wo gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wá èyí tí kò bá ìyókù mu.

Mo rí ọ̀kan. Ọjọ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi ni, ọjọ́ tí mo gbàgbé yín pátápátá, tí mi ò pè. Ìlà pupa já wálẹ̀ ní aago mẹ́rin ku díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, kò sì gòkè mọ́. Aago márùn-ún, mẹ́fà, méje. Yàrá yín tutù títí aago mẹ́jọ fi kọjá.

Mo ti pe àbúrò yín padà, kí wọ́n má ṣe ìyọnu wíwá mọ́.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹ dúró dè.